Ṣé Gbogbo Ìyípo Ló Ń Le, Àbí Ojú Kan?

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ ríìlì kan, ẹ̀rọ kékeré tí apẹja fi ń ká okùn ìwọ̀, fi gbé mi lọ́kàn. Kò kúkú bàjẹ́ pátápátá. Ká ní ó bàjẹ́ pátápátá ni, ǹ bá ti gbé e tì, kí n ra òmíràn, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ó ń yí, àmọ́ ó ń le lọ́wọ́. Bí mo bá ti ju ìwọ̀ sómi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn bọ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ́ ohun tí etí mi ò gbọ́: gìrì, gìrì, gìrì, bíi kéèyàn máa rún gààrí oníyanrìn lẹ́nu.

Orí àwọn òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu òkun ní Tarkwa Bay, l'Ékòó, ni mo ti máa ń pẹja láràárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé irinṣẹ́ tó ń ṣàìsàn lọ. Lọ́jọ́ tó dùn mí jù, kúta kan gbé ìjẹ mi, ló bá kọrí sọ́dọ̀ mi, ó ń sáré bọ̀. Bí ẹja bá ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kéèyàn yára ká okùn kó má bàa dẹ̀. Ríìlì yẹn ò yá. Okùn dẹ̀, ìwọ̀ yọ, mo sì rí ikùn funfun ẹja náà lẹ́ẹ̀kan péré kó tó wọ ibú lọ.

Mo fi òróró sí ríìlì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

## Òróró tí kì í pẹ́

Mo tọ́jú ríìlì yìí gan-an, ẹ jẹ́ kó yé yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti òkun dé, abẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo máa ń gbé e lọ tààrà. Màá fi rọ́bà tí mo fi ń fọ mọ́tò fọ́n omi sí gbogbo kọ́lọ́fín ara rẹ̀, pẹ̀lú agbára, kí iyọ̀ lè jáde. Lẹ́yìn náà ni màá mú agolo òróró tí wọ́n ń fọ́n, irú èyí táwọn mẹkáníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì tó bá di, màá fọ́n ọn sí ibikíbi tí mo bá ti rí ihò. Ríìlì á yá. Á máa yí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Nígbà àkọ́kọ́, yíyá yẹn lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà kejì, ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà kẹta, kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ohun tó ń gba oorun lójú mi gan-an nìyẹn. Bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀ sí i ni ìtọ́jú náà ń yára tán lára ẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún irinṣẹ́ ṣe. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú púláyà, ó fi di ọwọ́ ríìlì náà mú, ó fi agbára yí i bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ní á là. Nígbà tí kò là, ó ní kí n lọ ra tuntun. Inú bí mi délé. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé ohun tó ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Òun lo agbára, èmi lo òróró. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti ń le nínú àwa méjèèjì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn, mo sì gbà pé mò ń tẹ̀ lé e, torí ọwọ́ mi rọ̀ lára nǹkan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè fi ọwọ́ tó rọ̀ ṣe ohun tí kò bi ara rẹ̀ léèrè, kí ìyẹn náà sì jẹ́ agbára.

## Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ń gbé. Aránṣọ ni wọ́n, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi gba fíríìdọ̀ọ̀mù ni wọ́n sì ń lò títí dòní. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n ń gé bùbá, èmi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo kàn ń yí ọwọ́ ríìlì náà bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Àkànní, kí lò ń lọ̀?"

"Ríìlì ìwọ̀ mi ni, Màmá. Ó ń le."

"Ṣé gbogbo ìyípo ló ń le, àbí ojú kan?"

Mi ò ní èsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń bá nǹkan yìí fà á, mi ò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí ìyá mi mọ̀ nípa ẹja ò ju kí wọ́n ná an lọ́jà Olúwo, kí wọ́n sì sè é. Síbẹ̀, wọn ò wo ríìlì náà bí ohun àjèjì. Wọ́n wo bí okùn ṣe wé sára rẹ̀, wọ́n ní, "Bọ́bìnnì rèé. Yọ bọ́bìnnì ná." Mo tú kókó ìjánu tó wà lórí rẹ̀, èyí tó ń díwọ̀n bí ẹja ṣe lè fa okùn jáde, mo sì fà á yọ. Wọ́n fi èékánná họ ẹsẹ̀ ọ̀pá àárín tí bọ́bìnnì jókòó lé, wọ́n rọra fa nǹkan kan jáde tó dà bí irun funfun. Okùn ìwọ̀ tó já ni, ó ti wé mọ́ ọ̀pá náà bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì fún un dáadáa.

"Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń lo okùn, ibi tí wàá kọ́kọ́ wò nìyí," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa da òróró sórí ẹ̀rọ, òwú tó já á sì wà lábẹ́ bọ́bìnnì, á máa fún un lọ́rùn."

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Mo yí ríìlì náà láìfi bọ́bìnnì sí i. Ó fúyẹ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ gìrì-gìrì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún na ọwọ́, mo gbé e fún wọn. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ, wọ́n fa ìlà kékeré kan sára ọwọ́ ìyí, wọ́n gbé ríìlì náà sétí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ wọn nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ gba ibi tí aṣọ ti nípọn. Wọ́n ń kà á lábẹ́ ahọ́n: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ìlà ṣọ́ọ̀kì padà dé òkè.

"Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń kọ́ nínú ìyípo kan," ni wọ́n wí. "Kí ló wà nínú ẹ̀ tó máa ń yí lẹ́ẹ̀márùn-ún bí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan?"

Mo dákẹ́ lọ gbári. Àwọn tó ṣe ríìlì náà ti kọ ọ́ sára rẹ̀: 5.2:1. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti ń rí i, mo sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ ìyí bá yí lẹ́ẹ̀kan, orí tó ń wé okùn mọ́ bọ́bìnnì á yí lẹ́ẹ̀márùn-ún lé díẹ̀. Ìṣirò yẹn ni àwa apẹja fi ń mọ bí ríìlì ṣe yára tó. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó tún lè sọ ojúlé tí àìsàn ń gbé fún èèyàn.

Tó bá jẹ́ jíà ńlá tí ọwọ́ ìyí wọ̀ ló ní àbùkù, tàbí bẹ́ríìnì, òrùka irin tó ní ọmọ róbótó nínú, tó gbé jíà náà dúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ ì bá máa gbọ́ ọ nínú ìyípo kan. Tó bá jẹ́ ohun tó ń ti bọ́bìnnì lọ sókè sódò ni, ìnira náà ì bá máa bá lílọ àti bíbọ̀ bọ́bìnnì rìn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni tiwa. Ọ̀dọ̀ jíà kékeré ló wà nígbà náà, tàbí lára bẹ́ríìnì tó yí jíà kékeré náà ká, lábẹ́ orí tó ń yí. Ibi kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi sunkún ríìlì yìí láìríran.

## Ìlú aláṣọ ni ríìlì ti wá

Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu pé aránṣọ ló rí ohun tí apẹja ò rí. Àfi ìgbà tí mo rántí ìtàn ríìlì fúnra rẹ̀. Ní 1884, Peter Malloch ní ìlú Perth, ní Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ríìlì kan téèyàn lè yí bọ́bìnnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí okùn máa bọ́ láti etí rẹ̀ nígbà téèyàn bá ju ìwọ̀. Ní 1905 ni Alfred Holden Illingworth, ará Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ fún èyí tí bọ́bìnnì rẹ̀ ò yí rárá, tó jẹ́ pé apá kan ló ń lọ yí i ká láti wé okùn mọ́ ọn. Irú èyí ló wà lọ́wọ́ mi. Okòwò aṣọ ni Illingworth ń ṣe, Bradford ìgbà yẹn sì rèé, ìlú tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ ni.

Ẹ wo òwú orí kóònù tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìyá mi. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ni òwú ti ń bọ́, bí iṣẹ́ ti wù kó yára tó, kóònù náà ò ní mira. Bí okùn ṣe ń bọ́ lára ríìlì mi láràárọ̀ Sátidé kò yàtọ̀ sí i. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó.

## Ohun tó wà lábẹ́ orí náà

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tú u. Ìyá mi tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n ní kí n máa to gbogbo ohun tí mo bá yọ láti òsì lọ sí ọ̀tún bó ṣe ń jáde, kí n sì máa fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn wáṣà kan wà nínú ríìlì tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ. Bí ọ̀kan bá sọnù, tàbí téèyàn dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, eyín jíà á fún mọ́ra wọn jù, ríìlì tí a tú nítorí pé ó ń le á sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀tì tó di orí náà mú gan-an, mo kọ́kọ́ dán an wò sápá ọ̀tún àti sápá òsì kí n tó fún sípánà lágbára, torí pé ti ríìlì mìíràn a máa tú sódì. Ẹni tó bá fẹ̀lẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Orí náà bọ́. Bẹ́ríìnì wà lábẹ́ rẹ̀, mìlímítà 14 láti etí kan dé èkejì, 7 ni ihò àárín. Funfun ni mo kọ́kọ́ rí, bí èyí tó máa ń gbẹ sétí ìkòkò ọbẹ̀. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ họ ọ́ díẹ̀, pupa ìpẹtà yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka mú èérún funfun yẹn kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Mo jókòó. Báwo ni iyọ̀ ṣe débẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mi ò jẹ́ kí ríìlì yìí sùn mọ́jú rí láìfọ̀ ọ́?

Omi tí mo ń fọ́n ló gbé e débẹ̀. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Ara ríìlì ni iyọ̀ yẹn ì bá dúró sí. Omi rọ́bà tí mo ń fi agbára fọ́n ló tì í wọlé, kọjá ibi tí ìgbì fúnra rẹ̀ lè dé. Iyọ̀ a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà pàápàá ò lè bá a gbé pẹ́. Òróró agolo tí mo ń fọ́n tẹ̀ lé e tún wá bu iná sí i. Òróró tó ń tú nọ́ọ̀tì ni, títú náà ló sì ṣe: ó tú gírísì tí wọ́n fi bo bẹ́ríìnì látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣàn lọ, ó gbẹ, irin àti iyọ̀ wá kù wọn nìkan. Ìdí rèé tí yíyá yẹn fi ń kúrú sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá tọ́jú ríìlì náà ni mò ń já aṣọ lára ẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ti kọ́ ìwà yẹn. Omi dídùn ló pọ̀ jù nínú ọ̀sà wa. Èèyàn lè ri irinṣẹ́ bọ inú rẹ̀, kó gbọ̀n ọ́n nù, kó gbé e kọ́. Ọ̀sà Èkó lọ́hùn-ún, iyọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò a sì mú un dínkù. Òkun ní tiẹ̀, iyọ̀ ni tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbé àṣà omi dídùn lọ sẹ́nu òkun láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rẹ bẹ́ríìnì náà sínú epo pẹtiróòlù nínú agolo mílíìkì, lẹ́yìnkùlé, jìnnà sí iná. Nígbà tó gbẹ, mo kì í sẹ́nu pẹ́ńsùlù, mo fi ìka kan yí i. Ó ṣì ń ké. Bẹ́ríìnì tí a fọ̀ mọ́ tónítóní tó ṣì ń ké, ojú ọ̀nà ọmọ inú rẹ̀ ló ti jẹ, kò sí òróró tó lè gbà á là. Mo fi ìwọ̀n rẹ̀ wá tuntun rà, owó rẹ̀ ò tó owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ rà á.

## Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

Kí n tó da omi sí i, mo máa ń kọ́kọ́ fún ìjánu rẹ̀ le, kí omi má bàa wọ àwọn wáṣà abẹ́ rẹ̀. Ìgò oníhò wẹ́wẹ́ ni mo fi ń wọ́n omi sí i, bí òjò winniwinni. Mo máa ń fi aṣọ nù ún, màá wá dẹ ìjánu náà pátápátá, torí bí a bá fi í sílẹ̀ ní fífún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tẹ àwọn wáṣà náà pẹlẹbẹ, kò sì ní máa fa okùn sílẹ̀ déédéé mọ́ bí ẹja bá gbé e. Abẹ́ òjìji ló ti ń gbẹ. Mi ò jẹ́ dì í sínú ọ̀rá nígbà tó bá ṣì tutù.

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni mò ń lò, èyí tó mọ́ bí omi tó sì fúyẹ́. Ẹ̀kán kan fún róòlà kékeré tí okùn ń gbà kọjá, ọ̀kan fún ibi tí apá wáyà ti ń ṣí, ọ̀kan fún kókó ọwọ́ ìyí. Ó parí. Róòlà yẹn, ẹ má fojú rénà á: bí kò bá yí mọ́, ríìlì á yá lọ́wọ́ yín nílé, á wá le nígbà tí ẹja bá wà lẹ́nu ìwọ̀ nìkan, á sì máa fi okùn yín ṣe bí ayùn ṣe ń ṣe igi. Gírísì wà fún eyín jíà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fẹ́lẹ́ bí ìpara ojú ọmọ tuntun. Ibi tí kì í jẹ́ kí ríìlì yí sẹ́yìn, ẹ má fi gírísì débẹ̀ rárá, á máa yọ̀ ni. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ń fi òróró ẹ̀pà ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Á gbẹ, á sì lẹ̀ bí oje igi.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, mò ń kọ́kọ́ kà á. Mo yọ bọ́bìnnì, mo yí i. Mo yí kókó ọwọ́ ní òun nìkan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo tẹ́tí.

## Ìka méjì

Ó ti tó ọdún kan tí ìyá mi ti ń sọ pé ọwọ́ àwọn máa ń le. Ìpara oríṣi mẹ́ta ni mo ti rà fún wọn. Bí ọ̀kan bá tán, màá ra òmíràn tó ta ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún wà lórí àpótí yẹn. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fún ọ̀tún. Ó jáde lẹ́nu mi:

"Màmá, ṣé gbogbo ìka ló ń le, àbí ojú kan?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. "Àtàǹpàkò," ni wọ́n wí. "Àti èyí tó tẹ̀ lé e."

"Ti òsì ńkọ́?"

"Òsì ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Mo wo ohun tí ìka méjèèjì yẹn ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Àlùmọ́gàjí wọn nìyẹn, irin dúdú, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo mú un, mo ṣí i, mo pa á. Èmi tí mò ń fa ẹja lókè òkúta, ó le mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kan ló fún ìdè àárín rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, torí pé ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ lórí léèsì. Wọn ò wá ronú sí i mọ́, àfi kí wọ́n máa fi ọwọ́ gbà á.

Mo tẹ́ aṣọ funfun yẹn sórí tábìlì. Mo tú ìdè náà. Èérún òwú ọdún gbọọrọ ti para pọ̀ síbẹ̀, ó ti dúdú, ó ti le bí òkúta. Mo fi abẹ́rẹ́ họ ọ́, mo fi aṣọ nù ún, mo kán òróró kan sí i, mo sì dì í padà níwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ kàn fi pàdé. Lọ́jọ́ Ẹtì a ó lọ rí dókítà, mo sì ti mọ ohun tí màá sọ fún un: ìka méjì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ó ti tó ọdún kan.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa ànkárá kan sún mọ́ra, wọ́n fi ẹnu àlùmọ́gàjí náà sí etí rẹ̀, wọ́n sì gé e lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ìró rẹ̀ kan ṣoṣo, gbọọrọ. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n pe ọmọbìnrin tó ń yọ òwú lára aṣọ nídìí ilẹ̀kùn.

"Gbé tìẹ náà wá fún bọ̀ọ̀dá ẹ."